Ṣé eré àfetígbọ́ Doctor Who ti ṣá ni, àbí etí mi ló ti kún?

Tẹ́tísílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin olólùfẹ́ eré àfetígbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mélòó kan, n kò sì rí ẹni bá sọ ọ́, nítorí èmi nìkan ni mo ń gbọ́ irú eré yìí láàárín àwọn tí mo mọ̀.

Láti 2003 ni mo ti ń gbọ́ Doctor Who, ìtàn Dókítà tó ń rin ìrìn àjò láàárín ìgbà àti àwọn ayé, tó ti orí tẹlifíṣọ̀n BBC wá, tí iléeṣẹ́ Big Finish ń ṣe fún etí. Dókítà yìí máa ń para dà bó bá fẹ́ kú, ìdí nìyẹn tí òṣèré tó ń ṣe é fi pọ̀. Spare Parts, tí Marc Platt kọ, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ó rántí Yvonne, ọmọbìnrin tí wọ́n mú lọ, tí wọ́n ń fi irin pààrọ̀ ẹran ara rẹ̀ kó lè di Cyberman. Ó padà wálé. Ohùn irin tó ń wá ọ̀rọ̀ tì la gbọ́, a sì gbọ́ bàbá rẹ̀ tó ń gbìyànjú láti dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ nínú ohùn yẹn. Kò sí àwòrán kankan, síbẹ̀ mo rí i. Nígbà tó parí, mo jókòó síbẹ̀, n kò lè na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá gbọ́ eré kan tán lónìí, tó bá di ọ̀la n kò ní lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Dókítà dé ibì kan, wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé. Alábàárìn rẹ̀ bá ẹnì kan pàdé tó ṣàánú rẹ̀. Ọ̀tá àtijọ́ yọjú. Wọ́n sá, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n wọ TARDIS, ọkọ̀ Dókítà, ó parí. Orin dára, ìró dára, àwọn òṣèré ń ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Kò kàn sí èyí tó ń kan ọkàn mi mọ́ ni. Eré 21 ló wà nílẹ̀ tí mo ti sanwó wọn, tí n kò tíì ṣí.

Ṣé eré ló ti ṣá ni, àbí èmi ni mo gbọ́ ọ ní àgbọ́jù? Ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí lẹ ṣe sí i? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n dá a dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe ń bèèrè.

Òwúrọ̀-lọjọ́

Ó ti ṣá. Mo jáwọ́ ní 2016, n kò sì kábàámọ̀. Eré oṣooṣù nìkan, láti 1999 tó ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2020 tí wọ́n dá a dúró, ó lé ní igba. Kí ló kù tí wọn ò tíì sọ? Ọ̀rẹ́ mi, má fi ìfẹ́ àtijọ́ gbọ́ nǹkan tí kò dùn mọ́ ọ. Kó 21 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyá Ìtàn

Òwúrọ̀-lọjọ́, oṣù kẹta ọdún 2021 ni eré oṣooṣù parí, kì í ṣe 2020, eré 275 ló sì pé. Kì í sì í ṣe pé wọ́n jáwọ́. Wọ́n kàn pín Dókítà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀wọ́ eré tirẹ̀ ni.

Tẹ́tísílẹ̀, èmi kò gbà pé ó ti ṣá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti wà níbẹ̀, láti The Sirens of Time ní oṣù keje 1999, nígbà tí Peter Davison, Colin Baker àti Sylvester McCoy kó ara wọn jọ sínú eré kan. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, eré yẹn fúnra rẹ̀ kò ju bó ṣe yẹ lọ. Inú wa kàn dùn pé a tún gbọ́ ohùn wọn ni. Ohun tó ń ṣe àwọn tó bá ti pẹ́ nídìí nǹkan ni pé wọ́n máa ń rántí mẹ́wàá tó dára, wọ́n á sì gbàgbé ọgbọ̀n tó lọ láìsí ìró. Ta ló ń dárúkọ Zagreus mọ́? 2003 ni, sídíì mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, n kò tíì lè ro ó fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí gbogbo yín ń pè ní ìgbà wúrà nìyẹn o.

Ṣùgbọ́n màá sọ èyí tí mo gbà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Ohun tí wọ́n ṣe fún Colin Baker ni mo fi ń wọn gbogbo nǹkan. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní 1986, Dókítà rẹ̀ kò sì tíì rí àyè di èèyàn tí a lè fẹ́ràn. Eré àfetígbọ́ ló fún un ní Evelyn Smythe, olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì, obìnrin àgbà tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí kì í gba ìgbéraga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Maggie Stables ló ṣe é, láti The Marian Conspiracy ní 2000. Ẹ fetí sí bí ó ṣe ń pe Dókítà sí àkíyèsí bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pẹ́ dé, kí ẹ wá fetí sí bí ohùn Colin Baker ṣe ń rọ̀ láti eré kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò kánjú. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́, lóòótọ́ ni.

Aṣèrò-ìró

Mo máa ń to ìró pọ̀ fún àwọn eré kéékèèké tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń ṣe, torí náà ọ̀nà ibẹ̀ ni màá gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Eré oṣooṣù àtijọ́, ìpín mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, lórí sídíì méjì, ìpín kọ̀ọ̀kan bí ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò ti dá ìtàn dúró nígbà tí ọkàn wa ṣì wà lókè. Bí kò bá rí ohun tó le tó láti fi dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé ìtàn òun kò nípọn. Lónìí, àkójọpọ̀ ló gbòde: ìtàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi wákàtí kan, tí kò dúró níbì kankan. Ó ń ṣàn geere, kò kọsẹ̀, kò sì gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Mo rò pé ìdí tí Tẹ́tísílẹ̀ kò fi rántí nǹkan kan lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ibi tí ìtàn bá ti já ni ọkàn ti ń rántí rẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ojú. Òṣèré kan á ní: «Ẹ wò ó! Ilẹ̀kùn irin ńlá yẹn ń ṣí, ẹnì kan ń bọ̀ tòun tìbọn!» Nínú eré mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Irin ha ilẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì. Ìdákẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò parí gbólóhùn rẹ̀. Èkejì yìí ló ń gbé iṣẹ́ fún etí. Àwọn àtijọ́ náà ń ṣe ti àkọ́kọ́, kódà wọ́n ń ṣe é jù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, etí yín ti mọ̀ ọ́n kí òṣèré tó la ẹnu.

Ìbéèrè kan: báwo lẹ ṣe ń gbọ́ wọn, Tẹ́tísílẹ̀? Lẹ́ẹ̀kan náà ni àbí díẹ̀díẹ̀?

Tẹ́tísílẹ̀

Lẹ́ẹ̀kan náà ni. Mo máa ń wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, mo á fi àkójọpọ̀ kan sí i, wákàtí mẹ́rin á kọjá. Bí mo ṣe kọ ọ́ báyìí ni mo ń rí i pé nígbà Spare Parts, ìpín kan ni mo máa ń gbọ́ kí n tó sùn.

Arìnrìn-òru

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mi ò tíì pé ọdún méjì nínú eré yìí. Lójú tèmi, tuntun ni gbogbo rẹ̀! Stranded ni wọ́n ní kí n fi bẹ̀rẹ̀, Dókítà kẹjọ, Paul McGann. TARDIS ti bàjẹ́, ó há sí London ní 2020, ó ń gbé ilé kan tó kún fún ayálégbé, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé lójoojúmọ́ bí èèyàn. Mo sunkún níbẹ̀. Bí nǹkan bá ti ṣá, ṣé ó lè mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sunkún?

Gbohùngbohùn

Arìnrìn-òru, ó lè mú un sunkún dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ṣùgbọ́n o ti dárúkọ ohun tí mo fẹ́ sọ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí ọdún 1999 sí 2005 fi gbóná. Tẹlifíṣọ̀n ti pa Doctor Who tì láti 1989, fíìmù kan péré ni McGann ṣe ní 1996. Yàtọ̀ sí inú ìwé, kò sí ibòmíràn tí ìtàn ti ń lọ síwájú àfi inú eré àfetígbọ́. Nígbà tí McGann dé ní 2001 pẹ̀lú Storm Warning, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí Dókítà rẹ̀ ń lọ. Wọ́n lè pa ẹni tó wù wọ́n, wọ́n lè ba ohun tó wù wọ́n jẹ́. Rob Shearman kọ Jubilee ní 2003, ìtàn Dalek (ọ̀tá Dókítà láti ọjọ́ pípẹ́) kan ṣoṣo tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi í ṣèran wò, ó sì gbóná débi pé nígbà tí tẹlifíṣọ̀n padà ní 2005, òun náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kó kọ eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pè ní Dalek látinú rẹ̀.

Láti 2005, gbogbo rẹ̀ yí padà. Tẹlifíṣọ̀n ló ń mú ìtàn lọ síwájú, eré àfetígbọ́ wá di ẹni tó ń dí ihò: ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín eré tẹlifíṣọ̀n yìí àti ìyẹn, ìgbà tí Dókítà yìí pàdé ọ̀tá tọ̀hún kó tó pàdé rẹ̀. Ìparí ti wà nílẹ̀ kí ìbẹ̀rẹ̀ tó dé. McGann nìkan ló ṣẹ́ kù tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí, ní 2013 wọ́n sì fi ikú òun náà hàn wá nínú eré ìṣẹ́jú díẹ̀ kan. Ó dárúkọ àwọn alábàárìn rẹ̀ inú eré àfetígbọ́ kó tó kú: Charley, C'rizz, Lucie, Tamsin, Molly. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ọjọ́ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn náà.

Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa eré. The Archers ti wà lórí rédíò BBC láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1951, wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ dòní. Norman Painting ṣe Phil Archer láti 1950 tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò títí tó fi kú ní 2009. Ohùn kan náà, ọ̀dọ́kùnrin títí dé arúgbó. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1955, wọ́n pa Grace, ìyàwó rẹ̀, sínú iná ilé ẹṣin. Kò padà. Phil fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó bímọ, ó dàgbà, ó kú. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú Doctor Who àfetígbọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lucie Miller. Ó kú ní 2011 nínú To the Death, ikú tó le jù lọ tí mo gbọ́ rí nínú eré. Nígbà tó di 2019, ó tún dé, òun àti Dókítà, tẹ̀rín tọ̀yàyà.

Ìyá Ìtàn

Gbohùngbohùn, ẹ má ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tán. Eré 2019 yẹn, ṣáájú ikú rẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Wọn kò jí i dìde. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ìmọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kú, gbogbo ẹ̀rín rẹ̀ sì ń dùn mí. Bí ẹ bá sì ní kò sí ikú tó dúró, Evelyn ńkọ́? Ó kú ní 2010 nínú A Death in the Family. Maggie Stables fúnra rẹ̀ ti fi ayé sílẹ̀ ní 2014. Títí dòní n kì í gbọ́ apá tó kẹ́yìn nínú eré yẹn láàárín èèyàn.

Gbohùngbohùn

Mo gbà fún yín lórí Evelyn, ẹ ṣé tí ẹ rán mi létí. Lórí Lucie, mo mọ̀ pé ṣáájú ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí mo gbọ́ To the Death, mo gbà pé n kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tí mo gbà bẹ́ẹ̀ ni ikú yẹn wọlé sí mi lára. Báyìí, bí alábàárìn kan bá kú, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn mi ni pé ọdún mélòó ni wọ́n máa tó mú un padà sí àárín.

Òwúrọ̀-lọjọ́

Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyí. Ìrántí ni wọ́n ń tà. Láti 2009 tí wọ́n ti gba Tom Baker wọlé, kò sí nǹkan mìíràn. Àwọn tó ti kú pàápàá, wọ́n ń wá ẹni sín ohùn wọn jẹ.

Ẹlẹ́tìí-kan

2012 ni Tom Baker bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti Big Finish. Eré 2009 tí ẹ ń rò, Hornets' Nest, BBC Audio ló ni ín.

Lórí sísín ohùn jẹ, ẹ jẹ́ ká fi ìyàtọ̀ sí i. Tim Treloar tó ń ṣe Dókítà ti Jon Pertwee kò kàn sín in jẹ. Ó mú ìrìn ohùn rẹ̀, ó wá ń ṣe eré tirẹ̀ lórí rẹ̀. Láti 2022, Michael Troughton ló ń ṣe Dókítà tí bàbá rẹ̀, Patrick, ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Ibi kan wà tí ó ti rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, tí mo dá eré dúró, tí mo tún un gbọ́. Ọmọ ló ń fi ọ̀fun tirẹ̀ wá ohùn bàbá rẹ̀ yẹn. N kò lè pe ìyẹn ní ìrántí títà.

Tẹ́tísílẹ̀, ìmọ̀ràn tèmi, bí mo ṣe ṣe é nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo dáwọ́ rírà dúró títí màá fi gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Àwọn tí a ti sanwó wọn tí a kò gbọ́ máa ń di gbèsè lọ́kàn ẹni, gbèsè kì í sì í jẹ́ kí nǹkan dùn. Mo wá ń yan eré gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé rẹ̀, n kò wo ọ̀tá tó wà lára páálí mọ́. Èyí ló ṣiṣẹ́ jù fún mi. Bí wọ́n bá ya Dalek sí iwájú, ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún mi nípa bóyá ìtàn dára. Mo sì ń gbọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀, pẹ̀lú íápíìsì létí, láìṣe nǹkan mìíràn.

Arìnrìn-òru

Ẹ jọ̀ọ́, láìṣe nǹkan mìíràn kẹ̀? Bí mo bá ń fọ aṣọ ni mo máa ń gbọ́ tèmi, ìyẹn gan-an ló mú kí n lè gbọ́ eré rárá. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó tẹ́tí sí i bí ẹni tó wà ní kíláàsì, n kò ní gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Aṣèrò-ìró

Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò gba ìrònú kò ní í bà á jẹ́. Ọkọ̀ wíwà ló yàtọ̀. Ojú ń wo títì, etí ń gbọ́ fèrè ọkọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì sì máa ń bo àwọn ìró tó rẹlẹ̀. Àwọn ìró tó rẹlẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń to eré yìí máa ń fi ìṣọ́ra tò jù. Tẹ́tísílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìdajì eré ni ẹ ti ń gbọ́ láti ọdún mẹ́ta.

Gbohùngbohùn

Ẹ kò fẹ́ gbọ́ kí n ní kí ẹ dá a dúró, n kò sì ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun kan tó ní òpin láàárín. The Magnus Archives, eré àfetígbọ́ mìíràn, bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó parí ní 2021 ní ìpín igba géérégé. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ tán, mo padà sí Doctor Who, etí mi sì ti gba afẹ́fẹ́.

Ìyá Ìtàn

Àti pé kí ẹ tún The Chimes of Midnight gbọ́, ìpín kan lálẹ́ kan. Bí òun náà kò bá ṣe yín ní nǹkan kan mọ́, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni. Bó bá ṣe yín, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Tẹ́tísílẹ̀

Mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín.

N kò ra ìkankan láti ìgbà náà. Nínú 21, mo ti gbọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan, mo dá a dúró ní ìdajì, mo sì pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ó yà mí lẹ́nu pé ara fúyẹ́ mí. Ìkejì dára níwọ̀n. Ìkẹta ni ìbẹ̀rẹ̀ Stranded tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tí n kò ṣí nítorí mo rò pé eré nípa kí Dókítà jókòó sílé kò lè dùn. Arìnrìn-òru, o ṣeun. Helen àti Liv, àwọn alábàárìn Dókítà, ń bá a ṣe àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ilé, mo sì ń fetí sí i bí ẹni pé ayé ń parí.

Gbohùngbohùn, mo ti ro ọ̀rọ̀ yín púpọ̀ nípa ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Mo rò pé ẹ tọ̀nà nípa ìdí tí èyí tó pọ̀ jù fi rí bó ṣe rí. Mo ti ń wò ó báyìí kí n tó yan eré: ṣé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó lè sọnù? Mẹ́sàn-án nínú èyí tó kù nílẹ̀ ni n kò rò pé màá gbọ́ láé.

Ìyá Ìtàn, alẹ́ àná ni mo bẹ̀rẹ̀ The Chimes of Midnight, ọdún mélòó kan ni mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Mo pa iná, mo fi íápíìsì sétí bí Ẹlẹ́tìí-kan ṣe wí. Ilé ńlá yẹn, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọn kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, Edith tó kú ní ibi ìfọ-abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Síbẹ̀ nígbà tí aago ń dún, mo rí i pé mo ti di etí pẹpẹlẹ bẹ́ẹ̀dì mú. Ìpín kìíní parí, ọwọ́ mi ti lọ sórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ìkejì bẹ̀rẹ̀. Mo yọ íápíìsì. Alẹ́ òní ni ìpín kejì.